Ìdun lé wa kúrò lórí ibùsùn: níbo ló ti kù díẹ̀ káàtó?

Ìyá Mofẹ́ (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, àmọ́ àìsùn ti borí ìtìjú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ mi obìnrin ti ń jí pẹ̀lú àmì pupa lápá àti lọ́rùn. Ẹ̀fọn la kọ́kọ́ pè é. A ta nẹ́ẹ̀tì, kò dáwọ́ dúró. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo ṣàdédé tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì rí i: nǹkan pẹlẹbẹ kan, ó pupa rúsúrúsú, ó ń sá wọ abẹ́ ojú ìrán fóòmù. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fín oògùn inú agolo sí gbogbo yàrá. Mo lo èyí tó ń rú èéfín, tí wọ́n ní ká ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo sá fóòmù sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó sú mi, a kó ara wa lọ sùn ní pálọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré la fi sinmi. Ní ìdájí àná, mo rí ọ̀kan lára àga pálọ̀.

Ọkọ mi kò ní àmì kankan lára, ó ní mo ń ṣe àṣejù. Àǹtí mi ní ẹ̀gbin ló ń fà á. Ilé mi ò dọ̀tí o! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kó fóòmù dànù ni? Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Akin Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kó fóòmù dànù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí a ṣe ṣe é ní yàrá wa nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Káfíńtà Àgbà

Akin, ṣé ó bùṣe lóòótọ́? Mo ti tú ọ̀pọ̀ ibùsùn tí wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe. Bí mo bá yọ súkúrù, inú ihò súkúrù ni mo ti máa ń bá wọn. Bí mo bá ṣí pákó ìgbórílé, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú tótòtó fún ìgbẹ́ wọn, bí ẹni fi bírò tọ́ ọ káàkiri. Ẹni tó bá ju fóòmù nù tó fi igi ibùsùn sílẹ̀, ilé tuntun ló rà fún wọn. Ẹni tó bá sì rí fóòmù yẹn he níta ńkọ́? Ó ti gbé ogun wọlé rẹ̀ nìyẹn.

Akin Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Mo gbà, sà. Ká sòótọ́, wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ti ń bú àwọn ará yàrá kejì pé àwọn ló kó wọn wá.

Afínlé

Ìyá Mofẹ́, ẹ kú ìnira yìí. Iṣẹ́ kí n máa fín ilé ni mò ń ṣe jẹun. Ohun tí ẹ ṣe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe kí wọ́n tó pè mí, nítorí náà ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ran ìdun lọ́wọ́.

Pálọ̀ tí ẹ sá lọ ló burú jù. Ìdun kò lè fò, kò sì lè tọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Èémí tí à ń mí síta àti ooru ara wa ló ń júwe ọ̀nà fún un lóru. Tí ẹ bá kúrò lórí ibùsùn, ebi á lé e jáde, á máa wá yín kiri. Ó sì tún lè jẹ́ pé inú ìrọ̀rí tí ẹ kó dání ló ti bá yín lọ. Ojú ogun kan ṣoṣo lẹ ní tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì báyìí. Ẹ padà sórí ibùsùn yín. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́.

Èkejì ni èéfín. Á ga, á balẹ̀ sórí ilẹ̀ àti orí tábìlì, àmọ́ kì í ráyè wọ inú ihò tí ìdun wà. Èyí tó bá kàn díẹ̀ lára á ká ẹrù rẹ̀, á gba ojú ihò wáyà iná tàbí abẹ́ ògiri lọ síbòmíì.

Ẹ̀kẹta, agolo kan náà tí ẹ ń fín lẹ́ẹ̀mẹta. Pyrethroid ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn agolo, ọ̀pọ̀ ìdun ayé ìsinsìnyí kò sì kà á sí mọ́. Awọ wọn ti nípọn sí i, ara wọn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ oògùn náà kí ó tó pa wọ́n. Ìwà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Oògùn apakòkòrò DDT tí gbogbo ayé rò pé ó ti yanjú ọ̀rọ̀ ìdun, ní 1947 ni wọ́n ti rí èyí tí kò kú sí i mọ́ ní Pearl Harbor, ní Hawaii.

Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ fi sinmi yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìdun kì í mu ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́; tó bá ti yó, ó lè fara pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹyin wọn wá ni ìṣòro gan-an. Kò ju mìlímítà 1 lọ, ó funfun, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ igi àti aṣọ, ọ̀pọ̀ oògùn kì í sì í ràn án. Abo lè yé 1 sí 5 lójúmọ́, kí ó sì tó nǹkan bí 200 ní ayé rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n á pa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fínfín ẹ̀ẹ̀kan kò ní ìtumọ̀. Tí mo bá fín lónìí, mo gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí n pa àwọn ọmọ tó jáde kí àwọn náà tó dàgbà tí wọ́n á máa yé.

Bàbá Ìbejì

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ fún wa: bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèkánná. Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn gan-an ni.

Àmọ́ ẹ̀yin ọmọdé fẹ́ràn gígùn ọ̀rọ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì pa igi ibùsùn àti gbogbo ojú ìrán fóòmù. Bí kò bá gbọ́, ẹ wá oògùn oníhóró tí wọ́n ń kó sínú àpò ọkà, ẹ fi ẹyọ méjì sábẹ́ ibùsùn, ẹ tilẹ̀kùn. Kò sí kòkòrò tí yóò kù.

Nọ́ọ̀sì Títí

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, sà, ẹ jẹ́ kí n tètè dá yín lóhùn kí ẹnìkan tó ka èyí kó lọ ṣe é. Oògùn oníhóró yẹn máa ń tú gáàsì phosphine jáde nígbà tí atẹ́gùn tó lọ́rinrin bá kàn án. Gáàsì náà kì í dúró sí yàrá kan. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ojú ihò ògiri bọ́ sí yàrá kejì. Ó ti pa àwọn ènìyàn, pàápàá ọmọdé, nínú ilé tí wọ́n ti fẹ́ fi pa kòkòrò, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ti oko àti ti àká ni, kì í ṣe ti ibi tí èèyàn ń sùn. Oògùn olómi tí wọ́n ń fín sóko náà kò gbọ́dọ̀ kan fóòmù.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Fóòmù tó mu kẹrosíìnì, iná ìṣáná kan ló kù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀mu àfọgbẹ́, ìyẹn spirit, tí àwọn kan ń fín kiri. Ó ń pa èyí tó bá bà lára, lóòótọ́, àmọ́ ó ti sun ilé.

Ìyá Mofẹ́, ní ti ọkọ yín: kì í ṣe pé ìdun ò jẹ ẹ́. Tí ìdun bá ń mu ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ki itọ́ rẹ̀ sínú awọ, èyí tí kì í jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lára, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Itọ́ yìí ni ara ń bá jà. Ara àwọn kan kì í fèsì rárá. Ti àwọn mìíràn lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí àmì tó yọ. Torí náà, àmì ara nìkan kò lè sọ fún yín pé ìdun ni, kò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Ẹ rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn lẹ̀rí.

Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń kó àrùn ran èèyàn bí ẹ̀fọn ṣe ń kó ibà. Èékánná ọmọ ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́: ẹ gé e kúrú, kí ó má baà họ ara títí yóò fi degbò. Aṣọ tútù máa ń dín yíyún kù. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí mímí bá nira fún un, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí pé ẹ̀jẹ̀ ni ìdun ń wá, kò bá ìdọ̀tí ṣe. Ilé ọlọ́lá àti ilé tálákà, kò mọ ìyàtọ̀. Jágbajàgba ẹrù nìkan ló ń fún un níbi ìsápamọ́sí.

Bàbá Ìbejì

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo ti yọwọ́ nínú oníhóró. Omi híhó ńkọ́? Tàbí ìyẹn náà ti di èèwọ̀?

Afínlé

Rárá o, Bàbá, ibẹ̀ lẹ ti gbá a lágbárí. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ara ìdun bá gbóná kọjá 50°C, kì í pẹ́ kú, tẹyintẹyin. Igi tàbí irin ibùsùn tí ẹ lè tú síta, ẹ da omi híhó sójú oríkèé rẹ̀. Ẹ kàn má dà á sítòsí ihò iná.

Káfíńtà Àgbà

Ẹ má sì dà á sí pákó alẹ̀mọ́ o. Á wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, ẹ ó sì gbé e wá fún mi.

Àdùkẹ́ Aránṣọ

Ó kù síbì kan tí kò yé mi. Afínlé, ṣebí ooru náà ni oòrùn? Èmi sá fóòmù mi lọ́dún tó kọjá, mo fojú ara mi rí i tí wọ́n ń jáde tí wọ́n ń já bọ́. Kí ló dé tí ti Ìyá Mofẹ́ tó sá sóòrùn kò ṣiṣẹ́?

Afínlé

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, àwọn tó ń jáde yẹn, ṣé ẹ rí i pé wọ́n kú, àbí ẹ rí i pé wọ́n ń sá lọ? Ojú fóòmù tó kọ sóòrùn á gbóná. Abẹ́ rẹ̀ àti inú rẹ̀ á tutù, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá lọ. Ní 45°C, ẹyin lè lo wákàtí bíi méje kí ó tó kú, ta ló sì ń rí 45°C fún wákàtí méje nínú ikùn fóòmù? Ohun tín-ín-rín, bí aṣọ díẹ̀ tí ẹ dì sínú ọ̀rá dúdú, oòrùn tó mú lè ràn án tí ẹ bá ní ohun ìwọn-ooru láti fi mọ̀. Mi ò ní fi fóòmù ta tẹ́tẹ́.

Àdùkẹ́ Aránṣọ

Kí n má purọ́, mi ò dúró wò bóyá wọ́n kú. Ilẹ̀ ni mo rí wọn tí wọ́n já bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo mọ̀ dájú, torí iṣẹ́ mi ni. Ojú ìrán fóòmù, ìyẹn okùn tó wú yíká etí rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi káàdì líle kan gba abẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹ ó rí awọ tí wọ́n bọ́, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ ó rí ẹyin. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ fi àpò oníṣíìpù bo fóòmù látòkè délẹ̀. Èyí tó wà nínú kò ní lè jáde wá jẹ, èyí tó wà níta kò ní ríbi wọ̀.

Èmi rán àpò tèmi fúnra mi, inú mi sì dùn, àfi ìgbà tí mo rí ọmọ ìdun kan tó ń gba ẹnu ṣíìpù jáde. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu ṣíìpù náà. Àpò tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdun sàn ju èyí tí mo rán lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣí i fún odindi ọdún kan. Ìdun lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun.

Káfíńtà Àgbà

Bí fóòmù ti wọ àpò, ó ku igi. Ẹ tú u palẹ̀. Gbogbo ibi tí etí káàdì bá lè wọ̀, ìdun lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa wọ́n tán níbẹ̀, ẹ dí ojú ihò àti ìlà tó là.

Ẹ wá fa ibùsùn kúrò lára ògiri, kí aṣọ orí rẹ̀ má sì wọ́ nílẹ̀, torí àtẹ̀gùn ni aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀ jẹ́ fún wọn. Ẹ wá ike kékeré mẹ́rin àti ńlá mẹ́rin. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ibùsùn sínú kékeré. Ẹ lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ike ńlá kí ìdun lè rí ibi dìmú gùn, kí ẹ sì fi páúdà díẹ̀ nu inú rẹ̀ kí ó yọ̀. Á gùn ún, á já sáàárín, kò ní lè jáde mọ́. Ó ń dáàbò bo yín, ó tún ń ka iye wọn fún yín. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Arìnrìn-àjò

Kò sẹ́ni tó bèèrè báwo ló ṣe wọlé. Tèmi, inú báàgì ìrìn-àjò ló gbà wọlé. Abo kan tó ti lóyún tó láti kún ilé. Nísinsìnyí, bí mo bá dé yàrá tí mo fẹ́ sùn, orí ilẹ̀ tó mọ́ gbalaja ni báàgì ń dúró sí títí n ó fi yẹ ìgbórílé wò. Mi ò ń gbé e sórí ibùsùn. Tí mo bá padà délé, aṣọ inú rẹ̀ á wọ ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ lójú ooru tó ga jù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fífọ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, mo máa ń fi sí fìríìsà mọ́jú.

Nọ́ọ̀sì Títí

Òru kan kò tó o. Ọjọ́ mẹ́rin ní -18°C, kí ẹ sì rí i dájú pé fìríìsà yín ń tutù tó bẹ́ẹ̀.

Arìnrìn-àjò

Háà. Mo dúpẹ́ mà. Mo ń padà lọ kó ìwé mi sínú rẹ̀ báyìí.

Òṣìṣẹ́ Òru

Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, diatomaceous earth, ló gbà mí. Mo da àpò kan sí yàrá, ilẹ̀ funfun báláú.

Afínlé

Ẹ dà á jù. Ìyẹ̀fun yẹn máa ń fa ọ̀rá ara awọ ìdun gbẹ ni, títí omi ara rẹ̀ á fi tán. Ìdun ní láti rìn lórí rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́, bó bá sì rí òkìtì, á yà fún un. Fẹ́ẹ́rẹ́ bí eruku tí ẹ kò tètè rí ni kí ó jẹ́, nínú ìlà ògiri àti ẹ̀yìn pákó, kì í ṣe ojú ilẹ̀ tí ọmọ ń rá kiri. Kò dáa kí a máa fà á símú. Ó sì ń pẹ́: ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún pípa kòkòrò nìkan ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

Ará Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ìyá Mofẹ́, tí ògiri yín bá kan ti ẹlòmíràn, ẹ sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé ó ń tini lójú. Àwa ará ilé mẹ́ta ló ń dọ́gbọ́n fín tiwa ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù márùn-ún, ìdun kàn ń ṣí kiri láàárín wa ni. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ síta tí wọ́n fín gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ ni ó tó yí padà.

Ìyá Mofẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún)

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé. A ti kúrò ní pálọ̀. Ọkọ mi ló tú igi ibùsùn, pẹ̀lú ìbínú, ó fẹ́ fi hàn mí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó yọ súkúrù kejì, ó dákẹ́. Ó pè mí. Wọ́n tò síbẹ̀, ńlá àti kékeré. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

A da omi híhó sí i, a fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ojú ìrán fóòmù àti àga pálọ̀, a di àpò inú ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá, a jù ú síta lójú ẹsẹ̀. Fóòmù ti wọ àpò. Afínkòkòrò ti wá lẹ́ẹ̀kan, yóò padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún ará ilé kejì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé ilé òun nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mẹ́jọ ló wà nínú ike. Ọ̀sẹ̀ kejì, méjì. Mofẹ́ ní àmì tuntun kan lánàá, ọkàn mi sì já. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Afínlé

Kò bàjẹ́. Mẹ́jọ dé méjì, ó ń lọ bó ṣe yẹ. Àmì yẹn sì lè jẹ́ ti ibi tí ìdun ti jẹ ẹ́ ṣáájú, bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ. Ẹ má kó ara yín kúrò, ẹ má sì fi agolo kún un, kí ó má lé wọn sá fún oògùn tí a fín. Èmi kì í sọ fún oníbàárà pé ó ti tán títí oṣù méjì á fi kọjá tí kò sí nǹkan kan nínú ike.

Ìyá Mofẹ́ (lẹ́yìn oṣù kan)

Ike mẹ́rin. Mẹ́ta ṣófo. Bọ́tìnì aṣọ bàbá Mofẹ́ ló wà nínú ìkẹrin.